Ọ̀pọ̀ Irúgbìn Kọ́ Ni Ọ̀pọ̀ Ìrẹsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Bí ọ̀rọ̀ ìrẹsì tí a ń lọ́ sí àkùrọ̀ ti rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà pé bí irúgbìn bá ti pọ̀ tó ni ìkórè yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ibi tí a kọ́kọ́ fún irúgbìn sí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ki jù, àwọn ọ̀dọ́ ìrẹsì yóò máa du oòrùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọn a ga, wọn a tín-ín-rín, wọn kì í sì í tètè mú ilẹ̀ bí a bá lọ́ wọn.

Nígbà tí a bá dé oko, àlàfo ló kàn. Bí àlàfo ihò kan sí èkejì bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 20 níbùú lóòró, ihò 250,000 ni yóò wà nínú hẹ́kítà kan. Bí ó bá jẹ́ 25, ihò á dín sí 160,000. Bí ó bá jẹ́ 15, wọn á lé ní 440,000. Kí ló dé tí èyí tó pọ̀ jù kì í fi í sábà borí?

Ìdí ni pé ìrẹsì a máa yọ ọmọ nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí náà a sì máa so ṣírí. Níbi tó há, ọmọ kì í pọ̀, ṣírí a kéré, àrùn a tètè ràn, ìrẹsì a sì máa ṣubú lulẹ̀. Bí ó bá sì fẹ̀ jù, koríko ni yóò jogún àlàfo. Àwọn ọmọ tó pẹ́ yọ kò ní í gbó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní Madagásíkà, láti nǹkan bí 1983, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri de Laulanié, rí i pé ìrẹsì tí a lọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 15, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ntímítà 25, ń yọ ọmọ púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ìkórè rẹ̀ ti pọ̀ tó, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú omi àti ríro oko léraléra. Ṣùgbọ́n irúgbìn tó ń gbà kéré púpọ̀.

Nítorí náà, iye kan ṣoṣo kò bá gbogbo oko mu. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ń fẹ́ àyè. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tàbí irú ìrẹsì tí kì í yọ ọmọ púpọ̀, ń fẹ́ kí a sún un mọ́ra díẹ̀. Kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní igun oko rẹ̀. Irúgbìn tí a fi ṣòfò, oúnjẹ ni.