Orúkọ Ń Jẹ́ Oǹdó, Bàálù Ń Balẹ̀ ní Àkúrẹ́

Bí a bá fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ dé ti Ìkẹjà, kò ju nǹkan bí 230 kìlómítà lọ, orí ìlú Oǹdó gan-an ni ìlà náà sì máa gbà kọjá. Síbẹ̀, ọmọ Oǹdó tó fẹ́ fò lọ sí Èkó ní láti kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí Èkó. Ìhà ìlà-oòrùn ni yóò forí lé, yóò rin ohun tó lé ní 50 kìlómítà, kó tó wọ bàálù tí yóò tún gbé e padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1915, nígbà tí àwọn òyìnbó dá ẹkùn Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó ìjọba. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó lára ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Orúkọ ẹkùn àtijọ́ ló jẹ́, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ibi tí ìjọba bá fìdí sí ni bàálù ń wá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìkéde yẹn ni wọ́n pa Murtala ní Èkó. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ilé tuntun rẹ̀ ní 1979. Ọwọ́ tó sọ Àkúrẹ́ di olú-ìlú ló ni orúkọ tó wà lára ògiri lọ́hùn-ún.

Bàálù ATR, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Overland ń lò, lè sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí kan bó bá ti gòkè tán. Lójú ìṣirò, 230 kìlómítà kò yẹ kó gbà á tó ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 40 sí 45 ló sábà máa ń jẹ́, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè yí po kó tó kojú afẹ́fẹ́ láti balẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, tí kùrukùru eruku bo ojú ọ̀run, ó lè má tilẹ̀ gbéra rárá.

Ẹ wá fi mọ́tò dé pápákọ̀ kún un, ẹ fi ìdúró kún un, ẹ fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà lé e. Ẹni tó bá Ọ̀rẹ̀ àti Ṣágámù lọ láti Oǹdó lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Èkó. Àbújá ni èrè wà: nǹkan bí 290 kìlómítà lójú òfurufú, nígbà tí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Lọ́kọ́jà lè jẹ odidi ọjọ́ kan mọ́ arìnrìn-àjò lọ́wọ́. Fún ẹni tó ń lọ sí Àbújá, Àkúrẹ́ kì í ṣe ìpadàsẹ́yìn. Ojú ọ̀nà ló wà.