Òfófó Kọ́ Ni Iṣẹ́ Akọ̀ròyìn Aṣèwádìí

Bí ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kan bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ akọ̀ròyìn tó ń tú àṣírí àwọn gbajúmọ̀ ló wu òun, àfàìmọ̀ kí bàbá náà má bi í pé ìgbà wo ni òfófó di iṣẹ́. Ẹ má dá bàbá lẹ́bi. Ohun tó ń rí lórí Wasáàpù lójoojúmọ́ ló fi ń díwọ̀n.

Irọ́: Ẹni tétí rẹ̀ bá ti mú, tó sì mọ àwọn òṣèré àti olóṣèlú, ti di aṣèwádìí nìyẹn.

Òótọ́: Ìwé ló ń mú gbajúmọ̀, kì í ṣe etí. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Salisu Buhari yẹ̀ wò. Oṣù kẹfà ọdún 1999 ló di olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ó ní ọdún 1963 ni wọ́n bí òun, ó ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà lòun ti gboyè. Àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The News kò ní láti yọ́ tẹ̀ lé e wọ òtẹ́ẹ̀lì kankan. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé tó dárúkọ, ilé-ìwé ní akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò gboyè lọ́dọ̀ àwọn. Ọdún 1970 gan-an ni wọ́n bí i. Òfin sì sọ nígbà náà pé ẹni tí kò bá tíì pé 30 ọdún kò gbọdọ̀ wọ ilé yẹn. Ẹ ti wá rí ibi tí ọdún méje tó bù kún ọjọ́ orí rẹ̀ ti wá. Ó kọ́kọ́ sẹ́ kanlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje, ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. 2,000 náírà ni owó ìtanràn tí ilé-ẹjọ́ bù lé e, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì foríjì í lọ́dún 2000. Ìjìyà ò tó nǹkan, àmọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti parí.

Irọ́: Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, kò sùn lẹ́wọ̀n rárá.

Òótọ́: Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà torí pé ó ń fọ́n owó náírà káàkiri lóde àríyá. Lẹ́yìn tó jáde, ohùn kan tí wọ́n ní tirẹ̀ ni gba orí ayélujára kan, ariwo sì sọ pé ìta ló ti lo ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde kò rí ẹ̀rí pé ó sùn síta. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó jẹ àǹfààní tí ẹlẹ́wọ̀n yòókù kì í rí jẹ. Lójú tèmi, ìròyìn gidi nìyẹn, àmọ́ ariwo ti bò ó mọ́lẹ̀.

Irọ́: Gbogbo ayé ló mọ ìdí tí wọ́n fi pa Délé Gíwá.

Òótọ́: Ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí sí Ilé-Ifẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìwé ìròyìn Newswatch sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì bí lẹ́tà pa á nílé rẹ̀ n'Íkẹjà. Akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Káyọ̀dé Ṣóyínká, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló yè é. Wọ́n ní torí ìròyìn obìnrin kan tí wọ́n mú pẹ̀lú oògùn olóró ní Kánò ni. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú náà, kò sì sẹ́ni tó fìdí ìtàn Kánò yẹn múlẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá.

Ti pé iṣẹ́ náà ń sọni dolówó, irọ́ gbuu. Owó ńlá tó wà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi sínú ápòòwé kí ìròyìn má baà jáde, ẹni tó bá sì gbà á ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àwa ará Ìfọ́n àti Ìlobù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ́ wa ní ohun tí ọ̀rọ̀ tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè fà. Nígbà tí ìjọba fi kónílé-ó-gbélé dè wá lọ́dún 2025 torí ìjà ilẹ̀, ta ló mọ èyí tó jóòótọ́ nínú ohun tó ń wọ fóònù?

Ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí bá wù, bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Òfin Òmìnira Ìròyìn (FOI) ọdún 2011 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ lọ́dún 2025 pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Kọ lẹ́tà sí wọn. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì.