Ẹ Má Dá Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣèwádìí Àrùn Dúró

Ẹ̀yin òbí, ta ló mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ìjọba kan ní Unguwan Rimi, tí kò jìnnà sí àwa ará Malali? Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọjá níbẹ̀ láìbèèrè. Ilé ìwádìí lórí trypanosomiasis ni, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran èèyàn àti màlúù, èyí tí àwọn Fúlàní darandaran ń pè ní sammore. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan tí wọ́n gbé wá bá wa ló mú wa rántí ibẹ̀. Ọmọbìnrin wa kan gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, ó sì ti sin ìjọba tán. Ó ní òun fẹ́ gba oyè másítà nínú ìmúnọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń bá àrùn jà. Bàbá rẹ̀ ní ìwé tó gẹ́ẹ́, kó wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ní ta ni yóò fẹ́ dókítà tí kì í fúnni lóògùn? Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ wo kòkòrò sammore yìí. Bó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á dá ọmọ ogun sílẹ̀, ẹ̀wù tí kòkòrò náà wọ̀ ni wọ́n á fi dá a mọ̀. Kí wọ́n tó pa wọ́n tán, àwọn kan nínú wọn á ti pààrọ̀ ẹ̀wù, ogun á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún èèyàn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn másítà, oyè ọ̀mọ̀wé á tún gba ọdún mélòó kan, owó kẹ́míkà sì ń bẹ níbẹ̀. A ò ní tàn yín.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti rin ọ̀nà náà rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, Zaria níbí ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, ó sì jáde ní ABU lọ́dún 1971. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn lọ́dún 1976. Ó wádìí ibà Lassa, ó wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kó tó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́dún 1994, níbi tó ti ṣètò àwọn ilé àyẹ̀wò àrùn rọpárọsẹ̀ káàkiri Áfíríkà.

Ẹ ó rántí ọdún 2003, tí wọ́n dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró ní Kaduna, tí àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn kí obìnrin má baà bímọ mọ́. Kò sí ọmọ wa kan nígbà náà tó lè dìde nípàdé kó ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìgò yẹn fún wa. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ inú ìgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kó mú un wá sípàdé wa. Owó fọ́ọ̀mù ti èyí tí a sọ lókè yìí, a ti san án.