Ìwé Tí Dókítà Ń Kọ Nípa Wa

Bí a bá jókòó níwájú dókítà, a ń wò ó bí ó ti ń kọ̀wé nípa ara wa, ṣùgbọ́n ìwé náà kì í kàn wá lọ́wọ́.

Ní ọdún 2010, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn dókítà 105 ní Boston, Pennsylvania àti Seattle gbà láti ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn aláìsàn wọn, tí wọ́n ju 13,000 lọ. Ẹ̀rù ba àwọn kan pé ìbéèrè yóò pọ̀ jù, ọkàn aláìsàn yóò sì dàrú. Ọdún kan kọjá, kò sí dókítà kan nínú wọn tí ó ní kí a pa ìwé náà dé. Nínú àwọn aláìsàn tí ó dáhùn ìbéèrè, 99 nínú 100 ni ó fẹ́ kí ó máa bá a lọ. Ọ̀pọ̀ sì jẹ́rìí pé àwọn ń lo oògùn àwọn déédéé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ náà ti kọ̀ fún ilé ìwòsàn láti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó ni ín, bí kò ṣe fún ìdí díẹ̀.

Síbẹ̀, a kò dá dókítà tí ó lọ́ra lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn àrùn jẹjẹrẹ lórí fóònù ní ọ̀gànjọ́ òru, kí dókítà rẹ̀ tó pè é, kò ní ẹni tí yóò bi léèrè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.