Ṣé ààwẹ̀ gbígbà lè dín sísanra kù? Ẹ̀kọ́ tó wà nínú oúnjẹ ìṣínu ní Moshie Zongo

Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ nínú oṣù Ràmàdáànì ní Moshie Zongo, nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, dàbínù àti omi ni ọ̀pọ̀ alááwẹ̀ kọ́kọ́ máa ń fi kan ẹnu. Kókó gbígbóná ló máa ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ògì jéró tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ata sí, pẹ̀lú àkàrà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní koose.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ tó lágbára yóò dé: tuwo, wáákyé, fùfú tàbí ìrẹsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn yóò tún jí jẹ sààrì.

Ní Kumasi, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ààwẹ̀ ojúmọ́ kan máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 13, láìjẹ, láìmu. Ọjọ́ 29 tàbí 30 ni wọ́n sì fi ń gbà á. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún ìtúnu bá dé, àwọn kan á rí i pé aṣọ ti ṣò lára àwọn, àwọn mìíràn á sì rí i pé ńṣe ló tún fún wọn sí i.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ìbéèrè kan tó ti gbòde láti Èkó dé Accra, àti láti London dé New York, kódà láàárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí: ǹjẹ́ ẹni tó bá ń fi wákàtí sí oúnjẹ rẹ̀ lè dín sísanra kù?

Ohun tí àwọn ìwádìí fi hàn ni pé ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aago ló ń ṣe iṣẹ́ náà, bí kò ṣe àpapọ̀ ohun tí ènìyàn jẹ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn ará Zongo

Zongo jẹ́ ọ̀rọ̀ Háúsá fún ibùdó tí àwọn oníṣòwò tó ń rin ìrìn-àjò ti máa ń sinmi. Ní Ghana, òun ni wọ́n ń pe àdúgbò tí àwọn àlejò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí láti ìhà àríwá, tẹ̀dó sí, gẹ́gẹ́ bí Sábó ṣe rí nílùú Ìbàdàn. Àwọn Mossi, tí orírun wọn wà ní ilẹ̀ tó di Burkina Faso lónìí, ni Moshie Zongo ti gba orúkọ.

Àwọn Yorùbá náà gbé ní àwọn zongo Kumasi fún ìgbà pípẹ́, kí àṣẹ tí ìjọba Kofi Busia pa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà sílé. Oúnjẹ wọn kò sì jìnnà síra wọn: àkàrà ni koose, ìrẹsì ẹlẹ́wà ni wáákyé, zobo sì ni sobolo.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ebi nìkan ni ìṣòro oúnjẹ mọ́. Àtúpalẹ̀ kan tó jáde ní ọdún 2016, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa Ghana pọ̀, fi hàn pé ó tó ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè náà tí ìwọ̀n ara wọn ju bó ti yẹ lọ. Ó pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ, ó sì pọ̀ ní ìlú ńlá ju ìgbèríko lọ.

Lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà bílíọ̀nù 2.5 ni ìwọ̀n ara wọn ti kọjá ààlà ní ọdún 2022, tí mílíọ̀nù 890 nínú wọn sì sanra dé ibi tó ti di àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn àti ìrora orúnkún wà lára ohun tí irú sísanra bẹ́ẹ̀ máa ń fà.

Irú ààwẹ̀ wo ni wọ́n ń sọ?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń gba ààwẹ̀ nítorí àtidín sísanra kù.

Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn jẹ gbogbo oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ, kó sì fi wákàtí 16 tó kù sinmi ẹnu. Ìkejì ni kó jẹun bó ti ń jẹ ẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kó wá dín oúnjẹ ọjọ́ méjì tó kù kù gidigidi, dé nǹkan bíi kálórì 500 tàbí 600. Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Michael Mosley, dókítà tó tún jẹ́ akọ̀ròyìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ̀nà kejì yìí di ìlúmọ̀ọ́ká nínú ètò tẹlifíṣàn kan ní ọdún 2012. Ìkẹta ni kí ènìyàn máa jẹun lónìí, kó sì gba ààwẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ìwọ̀nyí àti Ràmàdáànì. Nínú àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ènìyàn lè mu omi nígbàkúgbà, ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹun. Ti Ràmàdáànì kò gba omi, òru sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìjọsìn ni Ràmàdáànì. Kò sí ẹni tó ṣe é lọ́ràn-anyàn nítorí àtidín sísanra kù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara alááwẹ̀?

Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Bí ènìyàn kò bá jẹun fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ara yóò sì túbọ̀ máa lo ọ̀rá tó ti kó pamọ́.

Òótọ́ ni èyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ọ̀rá tí ara lò lọ́sàn-án lè padà sáyè rẹ̀ lálẹ́, bí oúnjẹ alẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí ara nílò lọ.

Omi tún wà níbẹ̀. Ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ máa ń di omi mú, nítorí náà bí ṣúgà náà bá ti ń tán ni omi yóò máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi lè fi hàn pé kílò kan tàbí méjì ti lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì padà wá kíákíá.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ààwẹ̀ ń fọ ìdọ̀tí inú ara, wọ́n á sì tọ́ka sí Yoshinori Ohsumi, ọmọ Japan tó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel ní ọdún 2016 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ṣe ń tún ohun tó ti gbó nínú wọn lò. Inú ìwúkàrà ló ti ṣe àwárí náà. Àwárí náà kò sọ pé ààwẹ̀ wákàtí mélòó kan yóò dín sísanra ènìyàn kù.

Kí ni àwọn ìwádìí rí?

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Chicago gbé àbọ̀ ìwádìí ọdún kan jáde lórí 100 àgbàlagbà tó sanra. Lẹ́yìn ọdún náà, àwọn tó ń jẹun lónìí tí wọ́n ń gba ààwẹ̀ lọ́la pàdánù ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kò yí nǹkan kan padà. Àwọn tó kàn ń dín oúnjẹ ojoojúmọ́ kù pàdánù ìdá 5.3. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín méjèèjì.

Ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn alááwẹ̀ náà ló tilẹ̀ yọwọ́ kí ìwádìí tó parí, nígbà tí ìdá 29 yọwọ́ nínú àwọn tó ń dín oúnjẹ ojoojúmọ́ kù.

Ìwádìí méjì tó tẹ̀ lé e ló la ọ̀rọ̀ náà jù. Èkíní jáde láti San Francisco ní ọdún 2020. Wọ́n ní kí àwọn kan lára ènìyàn 116 máa jẹun láàárín aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ ohun tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, wọn kò pàdánù ju kílò 0.94 lọ. Àwọn tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ pàdánù kílò 0.68.

Èkejì jáde láti Guangzhou, lórílẹ̀-èdè China, ní ọdún 2022. Gbogbo ènìyàn 139 tó kópa ló dín kálórì wọn kù, ṣùgbọ́n apá kan nínú wọn ń jẹun láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn wọ̀nyí pàdánù kílò 8, àwọn tí kò fi wákàtí sí i sì pàdánù kílò 6.3. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí àwọn onímọ̀ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wákàtí ló fà á.

Ìwádìí méjèèjì kò gùn bákan náà, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn bára mu. Níbi tí wọ́n ti wo aago láìwo àwo oúnjẹ, ohun tó kúrò lára kò tó kílò kan. Níbi tí wọ́n ti dín ohun inú àwo kù, sísanra lọ sílẹ̀, ì báà ṣe pé wọ́n wo aago tàbí wọn kò wò ó.

Ní ọdún 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àtúpalẹ̀ ìwádìí 99 jáde, tó kan ènìyàn tó lé ní 6,500. Ó rí i pé ààwẹ̀ àti dídín oúnjẹ ojoojúmọ́ kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Jíjẹ lónìí kí á gba ààwẹ̀ lọ́la nìkan ló fi díẹ̀ ṣíwájú, pẹ̀lú ohun tó lé díẹ̀ ní kílò kan.

Ràmàdáànì, àyẹ̀wò tó ń wáyé lọ́dọọdún

Àwọn onímọ̀ ti wo Ràmàdáànì pẹ̀lú. Àtúpalẹ̀ kan tó jáde ní ọdún 2014, tó kó ìwádìí 35 pọ̀, rí i pé nǹkan bíi kílò 1.24 ló ń kúrò lára àwọn alááwẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìṣínu lè ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ti pa láti ìdájí kì í ka àkàrà tó ń jẹ.

Síbí ńlá kan òróró ní nǹkan bíi kálórì 120, àkàrà sì ń mu òróró. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kékeré kan ní nǹkan bíi kálórì 140. Ẹni tó bá fi ìgò méjì kún ìṣínu rẹ̀ lójoojúmọ́ ti fi ohun tó lé ní kálórì 8,000 kún ara láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà tí kílò ọ̀rá kan nínú ara kò ju nǹkan bíi kálórì 7,700 lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe ṣú tó kí ènìyàn tó jẹun náà lè ní ipa tirẹ̀. Ìwádìí kékeré kan tó jáde láti Boston ní ọdún 2022, lórí ènìyàn 16, fi hàn pé nígbà tí wọ́n sún oúnjẹ wọn síwájú pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin, ebi túbọ̀ ń pa wọ́n, agbára tí ara wọn ń jó sì dín kù.

Ta ni kò yẹ kó dá a ṣe?

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni ewu náà súnmọ́ jù, pàápàá ẹni tó ń gún ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn tó ń lé ṣúgà wálẹ̀. Ìwádìí kan tó kan àwọn aláìsàn 12,914 ní orílẹ̀-èdè 13 ní ọdún 2001 fi hàn pé ìgbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ dé ibi ewu pọ̀ ní Ràmàdáànì ju àwọn oṣù mìíràn lọ, ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́rin fún irú ìtọ̀ ṣúgà kìíní, àti ìlọ́po tó lé ní méje fún irú kejì.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bo ènìyàn, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, àmì pé ṣúgà ti wálẹ̀ ni. Kó ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gba ààwẹ̀.

Aláboyún, ìyá ọlọ́mọ, ọmọdé, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tó ti ní àìsàn tó jẹ mọ́ oúnjẹ jíjẹ rí gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó dá ààwẹ̀ oníwákàtí dúró lé. Kí ẹnikẹ́ni má sì yí àkókò tàbí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn olùwádìí kan sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà pé, nínú nǹkan bíi 20,000 ènìyàn, ikú àìsàn ọkàn pọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹun láàárín wákàtí tí kò tó mẹ́jọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi hàn pé ààwẹ̀ ló fa ikú náà, nítorí ohun mìíràn lè wà nínú ayé àwọn ènìyàn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó tó láti kìlọ̀ fún ẹni tó ti ní àìsàn ọkàn.

Kí wá ni kí ẹni tó fẹ́ dín sísanra kù ṣe?

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì rọrùn fún láti fo oúnjẹ kan ju kó máa ṣírò gbogbo òkèlè lọ, lè rí i pé ààwẹ̀ bá òun lára mu. Ẹni tí ebi máa ń sọ di alájẹkì lálẹ́ yóò rí i pé oúnjẹ mẹ́ta tó mọ níwọ̀n sàn fún òun.

Fún ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì, àyípadà díẹ̀ lè ṣe púpọ̀: kí omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, kí ṣúgà inú kókó àti sobolo dín kù, kí ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ, kí àkàrà má pọ̀ jù, kó sì sinmi díẹ̀ lẹ́yìn kókó kó tó bu oúnjẹ alẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ìrun àsáàmù àti bíbọ̀ rẹ̀ náà wà lára eré ìmárale.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ààwẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ènìyàn bá lè tọ̀ títí, lẹ́yìn tí oṣù ààwẹ̀ ti parí, ni yóò hàn lára rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.