Káàdì Kọ̀ǹpútà: Orúkọ Ara Páálí Kọ́ Ni Ká Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ owó àjẹṣẹ́kù àti ẹ̀yáwó, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà. Bí wọ́n bá tún Windows gbé sí i, káàdì tó ń so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè yadi. Wọn a ní káàdì ti kú, kí ẹgbẹ́ ra òmíràn. Kí akápò tó tú owó sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá driver rẹ̀ ni wọn kò rí fún un. Driver ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún káàdì, chip orí káàdì ló sì ń sọ irú èyí tí yóò gbà.

Ilé-iṣẹ́ tó tẹ orúkọ sára páálí lè má ṣe chip rárá. Ó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò kì í fi òǹtẹ̀ ara àpò ṣe ìdájọ́. Hóró ló ń là wò. Ẹ wo D-Link: chip VIA Rhine ló wà lórí káàdì DFE-530TX wọn, ṣùgbọ́n RTL8139 ti Realtek ló wà lórí DFE-530TX+. Àmì ìròpọ̀ kan péré ló yà wọ́n, driver ọ̀kan kò sì lè ṣiṣẹ́ fún èkejì!

Báwo la ṣe ń la hóró káàdì? Káàdì PCI kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì nínú, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́, ọ̀kan fún ọjà. Nínú Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ tẹ káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, kí ẹ sì yan Hardware Ids. Bí ẹ bá rí PCI\VEN_10EC&DEV_8168, Realtek ni 10EC. Intel ni 8086, Broadcom ni 14E4. Èyí tó tẹ̀lé SUBSYS sábà máa ń tọ́ka sí ẹni tó fi orúkọ tirẹ̀ lé e. Àwọn tó ń lo Linux, ẹ kọ lspci -nnk. Yóò tún sọ driver tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan a máa fi nọ́ńbà tiwọn bo ti ẹni tó ṣe chip. DFE-530TX+ yẹn ń pe ara rẹ̀ ní 1186, nọ́ńbà D-Link. Nígbà náà, ẹ yọ iná, ẹ tú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka ohun tó wà lára chip tó tóbi jù. Lẹ́tà rẹ̀ kéré gan-an (ojú àwa àgbà kò gbé e), ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe chip tàbí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti gba driver. Ẹ má gbà á níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí inú ẹ̀rọ yẹn ni ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́ wà. Kí akọ̀wé sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé ẹrù ẹgbẹ́.