Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ibo ni omi òkun ń gbé ọmọ iyùn lọ?

Iyùn tó wà ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọba, àmọ́ ẹ̀dá alààyè ni àwọn méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, ní apá ìparí ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa tú ẹyin àti àtọ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí omi bá ṣàn sí ni àwọn ọmọ ń bá a lọ.

1. Kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè tọpa ìṣàn náà, ẹ̀rọ tó ń léfòó ni wọ́n ń jù sómi. GPS inú rẹ̀ ló ń sọ ibi tó dé.

2. Aṣọ bí ìgbòkun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an: òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà dípò omi. Lójú agbami, aṣọ yìí máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 15 sísàlẹ̀. Lórí iyùn, irú ìyẹn á há, nítorí náà wọ́n ń lo èyí tó kúrú gan-an.

3. Ẹyọ kan kò tó. Méjì tí wọ́n jù síbi kan náà lè pínyà: ọ̀kan á máa yí po lẹ́yìn iyùn, èkejì á gba ojú agbami lọ.